Òṣùpá Tí Kò Sí Lórí Tábìlì

“Àní irú òṣùpá wo gan-an ni ọkùnrin yẹn yà?”

Bàbá Àgbà ló béèrè, ó sì béèrè rẹ̀ bí ẹni tó ń bi ilé léèrè, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ìyá ń fi àkísà nu yíǹkì kúrò lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kò gbójú sókè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àpamọ̀ nítorí pé kò sí àlọ́ tó lè kọjá lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀ kó má dá a dúró, ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú gọ́ọ̀mù, ó ń rò ó, bẹ́ẹ̀ gọ́ọ̀mù náà ti rò tipẹ́. Ìbéèrè náà jókòó sáàárín wọn bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò fún ní omi.

Bàbá Àgbà mu tíì rẹ̀ tán. Ó dìde, ó fi ọwọ́ tọ ògiri lọ dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Láti bí oṣù mélòó kan, ọwọ́ rẹ̀ ló ń ríran fún un. Ojú òsì ti lọ tipẹ́. Ti ọ̀tún ń ṣú bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìrọ̀lẹ́ tí kò kánjú. Lọ́la ni dókítà máa ṣe iṣẹ́ abẹ sí i. Dókítà náà ti sọ̀rọ̀ bí àwọn dókítà ṣe máa ń sọ̀rọ̀: ó lè dáa, ó lè má dáa, kí wọ́n ṣáà máa gbàdúrà.

“Lónìí ló gbọ́dọ̀ rí i,” Ìyá wí nígbà tí ìlẹ̀kùn yàrá ti padé. “Kó rí ìdì káàdì yẹn ní pípé. Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

“Kó rí kí ni, Ìyá? Káàdì tí kò sí?”

“A ó ṣe é. Àbí iṣẹ́ kí ni wọ́n kọ sára ìlẹ̀kùn ilé yìí?”

Iṣẹ́ káàdì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bàbá Àgbà ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìyá, ọmọ rẹ̀, gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àpamọ̀ sì jáde yunifásítì tán, ó ní òun kàn fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ náà ti gbó sí i lára. Káàdì ìkíni àti káàdì eré ni wọ́n ń tẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí àwọn èèyàn ọ̀nà jíjìn mọ ilé náà ni ìdì káàdì tárò àtijọ́ kan tí ọ̀gá Bàbá Àgbà fún un nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán. Káàdì aláwòrán ni, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń ṣeré ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, kí àwọn aláfọ̀ṣẹ tó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọba wà níbẹ̀, Ayaba wà, Aṣiwèrè tó gbé ẹrù kọ́ èjìká wà, Ilé Ìṣọ́ tí àrá là sí méjì wà, Ìràwọ̀ wà, Oòrùn náà wà. Òṣùpá nìkan ni kò sí. Orúkọ ẹni tó ṣe é náà kò sí. Ọkùnrin kan gbẹ́ àwòrán sára igi, ó tẹ̀ ẹ́ sára pépà, ó kùn ún, ó kú. Ibi tí ìtàn rẹ̀ mọ nìyẹn.

Àwọn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti wá sílé náà láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì wà nínú àpótí tirẹ̀ lórí pẹpẹ. Oníkámẹ́rà ló kọ́kọ́ wá. Ó ya gbogbo káàdì ní fọ́tò, ó sì tẹ̀ wọ́n bí wọ́n ṣe rí. Ológe tẹ̀lé e, ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán ju ojú rẹ̀ lọ. Òun tún gbogbo ìlà fà lórí kọ̀ǹpútà. Agbẹ́gi ló dé kẹ́yìn, àgbàlagbà obìnrin tó gbẹ́ gbogbo káàdì náà lọ́tun sára igi, tó fi ọdún gbọọrọ ṣe é, tí kò sì ráhùn.

“Tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀,” Ìyá wí. “Wo èyí tó súnmọ́ ọwọ́ ọkùnrin yẹn jù. Òṣùpá ẹni náà la ó mú. Ìwọ ṣáà ni gbogbo nǹkan máa ń yé.”

“Ṣé ẹ̀ ń yìn mí ni àbí ẹ̀ ń bú mi?”

“Mú èyí tó bá wù ẹ́ níbẹ̀.”

Àpamọ̀ palẹ̀ tábìlì gígùn mọ́. Ó fọwọ́, ó nù ún gbẹ, ó tẹ́ ìdì àtijọ́ sáàárín, ó sì to ẹ̀dà mẹ́ta yòókù yí i ká. Ó mú awò tó ń sọ kékeré di ńlá, ó tẹ̀ bá Bàbá Onífìtílà, arúgbó inú káàdì tó ń dá rìn nínú òkùnkùn, tó gbé àtùpà sókè.

Ní etí ẹ̀wù arúgbó náà, níbi tí ìlà dúdú ti fẹ́ yí, ọ̀bẹ ti yọ̀ mọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ lọ́wọ́. Ìlà funfun tín-ín-rín kan gé ẹ̀wù náà kọjá, bí ìgbà tí èékánná bá họ ara. Àpamọ̀ ti rí i tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì wò ó rí.

Nínú ti Oníkámẹ́rà, ìlà náà wà. Ṣùgbọ́n àbàwọ́n epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni irun ìpéǹpéjú ẹnì kan tó já bọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rí bákan náà. Kámẹ́rà ti kí gbogbo wọn ní ẹ kú ilé, kò mọ ẹni tó ni ilé nínú wọn. Nínú ti Ológe, kò sí ohun tó jọ ọ́. Ẹ̀wù jọ̀lọ̀, ó búlúù bíi páálí ọṣẹ. Arúgbó náà rí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ bọ̀. Nínú ti Agbẹ́gi, ìlà náà wà níbi tó yẹ, gígùn rẹ̀ sì pé. Àpamọ̀ wò ó títí kó tó mọ ohun tó ń da òun láàmú. Ìlà yìí kò yọ̀. Wọ́n fà á ni. Obìnrin náà ti mú ọ̀bẹ, ó ti mí kanlẹ̀, ó sì ti gbẹ́ àṣìṣe ọkùnrin yẹn bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́. Àṣìṣe tí a bá fi ìṣọ́ra ṣe, kí ló kù nínú rẹ̀ tó jẹ́ àṣìṣe?

Ó padà sórí ti àtijọ́. Ó rí ọrùn ọwọ́ kan tó ti rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ òṣé tí ọkùnrin náà pa nígbà tí ọ̀bẹ yọ̀. Ìran mélòó ló ti wá, tó sì ti lọ, láàárín òṣé yẹn àti etí òun? Síbẹ̀ ó dún.

Láti ìgbà náà, kò rántí oúnjẹ. Ó ń ti orí káàdì kan bọ́ sórí òmíràn bí ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ nínú iyanrìn. Níbi Ọba, ọwọ́ ọkùnrin náà balẹ̀. Kò sí ìlà kan tó wọ́. Níbi káàdì Kẹ̀kẹ́, ó ti ń kánjú, àfàìmọ̀ kí ẹnì kan má ti máa pè é láti ìta. Níbi Ilé Ìṣọ́, inú ń bí i. Lára Oòrùn, ó ti sinmi, ó ti jẹun, ìtànṣán kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwọn tó ṣe ẹ̀dà náà sì ń jẹ́rìí ara wọn láìmọ̀: Oníkámẹ́rà kò lè yan, Ológe kò lè fara dà, Agbẹ́gi kò lè gbàgbé ara rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wá wo ojú ọkùnrin kan náà, ó sì lọ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Ó wá kan Òṣùpá.

Ti Oníkámẹ́rà jẹ́ káàdì funfun tí kò ní nǹkan kan àfi igun mẹ́rin. Ológe yá tirẹ̀ láti inú ìdì ìlú mìíràn: ilé ìṣọ́ méjì, ajá méjì tó ń gbó sókè, òṣùpá tó ní imú bíi ti ọlọ́pàá. Ti Agbẹ́gi ló rẹwà. Ajá méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n kẹ̀yìn síra, òṣùpá sì dẹ orí sí wọn bí ìyá tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ọwọ́ ọkùnrin náà, obìnrin tó gbẹ́ àṣìṣe rẹ̀ pàápàá ni yóò mọ̀ ọ́n. Àpamọ̀ pè é lórí fóònù.

“Ẹ káàsán, Mà. Èmi ni, láti ilé oníkáàdì.”

“Àpamọ̀. O ti gbéyàwó?”

“Rárá, Mà.”

“Káàdì ni wàá bá sùn títí. Bàbá àgbà ẹ ńkọ́, ojú ẹ̀ ńkọ́?”

“Lọ́la ni, Mà. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Òṣùpá tí ẹ gbẹ́ yẹn, níbo lẹ ti rí i?”

Àpamọ̀ gbọ́ bó ṣe sọ ọ̀bẹ kalẹ̀.

“Mo jókòó síwájú igi yẹn fún ọjọ́ pípẹ́,” ó wí. “Mo ti gbẹ́ gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe, mo ní àárín wa ti wọ̀. Mo ní kó ṣáà fi hàn mí. Kò dá mi lóhùn, ọmọ mi. Ajá aládùúgbò mi ni mo gbẹ́. Ìkan ti kú báyìí.”

“Ó dà bí ẹni pé òun ló ṣe é.”

“Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù nípa ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún Bàbá, ẹ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé èmi ni.”

Àpamọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá. Ìyá ti tan iná ẹ̀rọ.

“A ò ní sọ pé òun ni,” ó wí.

“Ìyá.”

“Gbọ́ mi. Bàbá mi ti ń béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo yìí láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó lè jẹ́ pé lọ́la, kò ní lè ka ojú mi mọ́. O fẹ́ kí n fún un ní òtítọ́ kó mú un wọ inú òkùnkùn? Kí ló fẹ́ fi ṣe?”

Àpamọ̀ mọ̀ pé bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, òtítọ́ máa bá a lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ta ló ní ogún ọdún níbí? Ojú ọ̀hún kò ju ọjọ́ kan lọ.

Ìyá kì í sì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ó wá pépà tó nípọn tó ti pọ́n fúnra rẹ̀ nínú àpótí, ó tẹ òṣùpá Agbẹ́gi sí i, ó rẹ ẹ́ sínú omi tíì, ó sá a sórí okùn. Nígbà tó gbẹ, ó fi àtàǹpàkò ha igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọ́n fi rọ̀, ó fi àbẹ́là pa ojú rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ kọ́ díẹ̀ láàárín, níbi tí ọwọ́ àwọn eléré ìgbà láéláé ì bá ti tẹ̀ ẹ́ kọ́. Ó gbé e sáàárín Ìràwọ̀ àti Oòrùn. Àpamọ̀ wò ó, ẹ̀rù bà á. Káàdì náà wọ àyè rẹ̀ bí eyín ṣe ń wọ erìgì.

Oòrùn ti rékọjá àtàrí tipẹ́ nígbà tí Bàbá Àgbà jí. Wọ́n mú un jókòó sídìí tábìlì. Ìyá kó ìdì náà lé e lọ́wọ́, Òṣùpá sì ni ó fi ṣe ti òkè.

“Bàbá, a rí i,” ó wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

Ọwọ́ Bàbá Àgbà dúró lórí káàdì náà. Ó pẹ́ kó tó gbé e. Ó fi ìka tọ́ etí rẹ̀ yíká, ó gbé e súnmọ́ ojú ọ̀tún, súnmọ́ ọn títí ó fi kan imú. Àpamọ̀ rí i pé ìyá òun ti di àkísà ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó di okùn mú létí kànga.

Bàbá Àgbà sọ káàdì náà kalẹ̀. Kò kọjú sí ọmọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ibi tí Àpamọ̀ dúró sí ló ń wò.

“Àpamọ̀. Ṣé òun ni?”

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló máa sọ. Ìyá ń wò ó. Àpamọ̀ la ẹnu, ó sì rántí ìlà funfun tí ó lọ tààrà láìyọ̀, tó dára ju bó ṣe yẹ lọ.

“Rárá, Bàbá,” ó wí. “Àwa la ṣe é.”

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ Ìyá.

“Mo mọ̀,” Bàbá Àgbà wí. “Ó ń rùn bíi tíì mi.” Ó wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lórí tábìlì títí ó fi rí i. “Ìwọ lo rẹ ẹ́? O ò tilẹ̀ fi ṣúgà sí i.”

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ohun mìíràn lọ́nà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

“Ẹ má bínú, Bàbá.”

“Ta ló ń bínú? Ajá rere ni wọ́n. Ọwọ́ Agbẹ́gi ni. Òun nìkan ló máa ń ṣàánú ẹranko báyìí.” Ó gbé òṣùpá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, jẹ́jẹ́. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ti pé. Ẹ kó àwọn yòókù bá mi lọ sídìí fèrèsé. Kí n kí wọn kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.”

“Bàbá, oòrùn,” Ìyá wí.

Òfin kan wà nínú ilé náà tó le ju gbogbo òfin lọ: ìdì yẹn kò gbọdọ̀ rí oòrùn, nítorí pé àwọ̀ àtijọ́ máa ń ṣá. Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ó ti fi í lé Oníkámẹ́rà kúrò nídìí fèrèsé, ó ti fi í bá Ológe jà dé ojú títì. Agbẹ́gi pàápàá, pẹ̀lú irun funfun rẹ̀, inú òjìji ló ti ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

“Mo mọ̀,” Bàbá Àgbà wí. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣá díẹ̀. Èmi náà ti ṣá.”

Wọ́n mú un lọ. Àpamọ̀ dúró tì í, ó ń fi káàdì lé e lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí káàdì kò bá kan imú rẹ̀, Bàbá Àgbà kò rí nǹkan kan lórí tábìlì mọ́ àfi kùrukùru. Ṣùgbọ́n nígbà tó na ọwọ́ sókè tó gbé káàdì sí ojú oòrùn gan-an, tí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀yìn là á já, ìlà dúdú jáde sí i bí igi inú oko tó jó. Ó ń kí wọn. “Ayaba. Ẹ kú àtijọ́.” “Bàbá Onífìtílà, kò ì tíì rẹ̀ ẹ́?” “Aṣiwèrè, ìwọ ni mo máa bá lọ sọ́sípítù.” Ìyá jókòó sórí àpótí, ó fọwọ́ gba àgbọ̀n, ó ń gbọ́.

Nígbà tí àwọn aláwòrán tán, Àpamọ̀ fẹ́ kó ìyókù, àwọn káàdì onínọ́ńbà, sẹ́yìn.

“Àwọn kéékèèké ńkọ́?”

“Ife àti idà lásán ni, Bàbá. Kò sí nǹkan lára wọn.”

“Wọn ò ṣẹ̀ mí. Kó wọn wá.”

Àpamọ̀ kó wọn wá. Idà méjì, idà mẹ́ta. Ife mẹ́rin, ife márùn-ún. Bàbá Àgbà ń yára wò wọ́n, ó ń mi orí sí ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kọjá láàárín àwọn ọmọ iléèwé. Ó gbé ife mẹ́fà sókè, ó sì dúró.

“Kí ni ajá ń wá láàárín ife?”

Àpamọ̀ àti ìyá rẹ̀ wo ara wọn. Ojú ọ̀hún ti dé ibi tó ń lọ nìyẹn, kó tó di ọ̀la.

“Ife mẹ́fà ni, Bàbá,” Ìyá wí ní ohùn pẹ̀lẹ́. “Kò sí ajá níbẹ̀.”

“Mo ní ajá ni. Ó dorí kodò.” Ó yí káàdì náà po ní ọwọ́, àwọn ife wá dojú dé. “Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ń sùn.”

Àpamọ̀ lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ orí ba títí tí ojú rẹ̀ fi bá ti Bàbá Àgbà dọ́gba. Káàdì náà ń tàn bí ewé tí oòrùn là kọjá. Ife mẹ́fà wà lójú rẹ̀, dúdú, wọ́n ki. Lẹ́yìn wọn, bí ohun tó wà nísàlẹ̀ odò, ìlà mìíràn wà, tín-ín-rín, eérú. Igun mẹ́rin. Lókè, nọ́ńbà tó yẹ kó wà láàárín Ìràwọ̀ àti Oòrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn tó tẹ̀, etí kan, ìrù tó ká mọ́ ẹsẹ̀.

“Ìyá,” ó wí. “Ẹ wá.”

Ìyá wá. Ó pẹ́ tó ti ń wò kó tó sọ̀rọ̀, nígbà tó sì sọ̀rọ̀, ohùn ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló fi sọ ọ́.

“Pépà mẹ́ta la máa ń lẹ̀ pọ̀ kí káàdì tó le. Ta ló máa ń wo ti àárín? Èyí tó bá bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ la fi ń há a.” Ó nawọ́, kò fi kan án. “Ẹ wo igun yẹn. Yíǹkì dà sí i. Ó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ló bá fi há ikùn káàdì ife yìí.”

Àwọn èèyàn ti kó àwọn òṣùpá tó dára lọ láti fi ṣeré, wọ́n ti fi ọwọ́ gbó wọn, wọ́n ti sọ wọ́n nù. Àpamọ̀ ti di ife mẹ́fà yìí mú ní àìmọye ìgbà. Òwúrọ̀ òní pàápàá, ó ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àyè lè gba awò rẹ̀.

“Ajá mélòó?” Ìyá béèrè. Ó ti di ojú kan pọ̀, ó ń wá èkejì.

“Ẹyọ kan,” Bàbá Àgbà wí. “Kò sì gbó. Ẹ ò rí i? Òṣùpá wà nílẹ̀. Ó fi í rọrí.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Òṣùpá róbótó kan wà lórí koríko, ajá kan sì gbé àgbọ̀n lé e, ó ń sùn, etí rẹ̀ bo apá kan ìmọ́lẹ̀ náà. Ó ti rẹ apá arúgbó náà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ sọ káàdì náà kalẹ̀. Àpamọ̀ ki ọwọ́ sábẹ́ ìgúnpá rẹ̀, ó gbé e ró, wọ́n sì jọ ń wò ó títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé.